Rọ́bà Tí Mo Fi Pẹtiróò Fọ̀

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, Gọ́ọ̀fù pupa kan ni, onílẹ̀kùn méjì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gé gbọnrangandan. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 la wà. Ọkọ̀ náà ti lo bí ọdún mẹ́wàá nílùú òyìnbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá ni: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju ti àwọn Gọ́ọ̀fù yòókù lọ, ara rẹ̀ sì sún mọ́lẹ̀ gan-an. Súrùlérè ni mò ń gbé nígbà náà, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò iléeṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìlúpéjú. Iṣẹ́ mi ni kí n po ọ̀dà wò, kí n fi kẹ́míkà fọ àwọn ìgò àti abọ́, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo tún máa ń tètè bínú. Mi ò fi pa mọ́ nígbà náà, mi ò sì ní fi pa mọ́ báyìí. Ìyàwó mi máa ń sọ pé tí òun bá gbé omi kaná, òun kì í wo omi, èmi ni òun máa ń wò.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ò níṣòro. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ẹsẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń pe gbogbo irin, sípíríǹgì àti rọ́bà tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀. Tí mo bá wọ kòtò, á dún gbà lábẹ́ mi, á sì máa fò sókè sódò fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí mo ti kọjá kòtò ọ̀hún. Tí mo bá wá tẹ bíréèkì, á fà sọ́wọ́ òsì bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó rí i ló ní ìmọ̀ràn kan náà: sípíríǹgì rẹ̀ ti kú, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kó fi iná nà án. Lójú wa ní Èkó nígbà yẹn, ọkọ̀ tó bá sún mọ́lẹ̀, ọkọ̀ aláìsàn ni. Mẹkáníìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní kí n jẹ́ káwọn gé táyà àlòkù, káwọn kì í sáàárín sípíríǹgì náà kó lè dìde dúró. Mo kọ̀, torí pé mo ní ìwé. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ ọ̀hún gan-an ni, tó nípọn, tó kún fún àwòrán, mo rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ìwé àlòkù nítòsí Tejúoṣó. Ìwé náà kì í kúrò lábẹ́ apá mi.

Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló júwe Bàbá Oníbíréèkì fún mi. Orúkọ tí gbogbo Pápá Àjàó ń pè é nìyẹn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, fìlà funfun ni fìlà rẹ̀ kó tó di aláwọ̀ ọ́ìlì. Kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú níwájú rẹ̀, á ní kí wọ́n tì í lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é. Bíréèkì àti ẹsẹ̀ nìkan niṣẹ́ tiẹ̀. Ọkọ̀ oníbúrẹ́dì kan ń wá síbẹ̀ déédéé, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì iléẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ kan ní Ìtìrẹ́ niṣẹ́ tó dá a lójú jù. Obìnrin tó ni iléẹ̀kọ́ náà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àǹtí, máa ń tẹ̀lé bọ́ọ̀sì yẹn wá fúnra rẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn a máa tọ́ka sí bọ́ọ̀sì ọ̀hún. Wọ́n á ní ẹni tí wọ́n bá lè fi bíréèkì ọkọ̀ ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni gbogbo ìpolówó ọjà tó ní.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kò ṣí nǹkan kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo bó ṣe ń dìde.

"Wọ́n ní sípíríǹgì ẹ̀ ti kú," mo sọ, kí n lè gbọ́ ohun tó máa wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn ni, sà."

"Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ṣé gbogbo èèyàn kúkurú lára wọn ò yá ni? Ṣọ́ọ̀kì ló kú, àwọn búṣì ẹ̀ sì ti jẹ tán. Sípíríǹgì yìí ṣì máa pẹ́ ju èmi lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá ohun tó wà nínú ìwé mi mu, ni mo bá fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa wá ní gbogbo Sátidé ká jọ ṣe é, torí mo fẹ́ mọ ọkọ̀ mi. Ó wo ìwé tó wà lábẹ́ apá mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Kò burú, Ọ̀gá Oníwèé. Ṣùgbọ́n òfin kan ló wà nínú ọgbà mi. Ọwọ́kọ́wọ́ tó bá kan iṣẹ́ níbí, ọwọ́ mi ni. Tó bá dáa, èmi ni mo ṣe é. Tí ò bá dáa, èmi náà ni."

Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo rò ni pé bàbá yìí fẹ́ kó gbogbo ìyìn iṣẹ́ náà sápò ara rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ iwájú la tú. Iṣẹ́ tó ń bani lẹ́rù jù níbẹ̀ ni sípíríǹgì, torí pé ó fi agbára ká jọ mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó ń dá fífò ọkọ̀ dúró, tó bá sì já mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ó lè fọ́ ọ lórí. Bàbá ní ìkọ́ irin gígùn méjì tó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ fún òun. Ó fi wọ́n há sípíríǹgì náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó ń dè wọ́n díẹ̀díẹ̀, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti dúró ní ọ̀kánkán. A lọ ra ṣọ́ọ̀kì ní ọjà Ládìípọ̀. Ojú mi wà lára àwọn tuntun tó ń dán nínú páálí, àmọ́ àwọn tòkunbọ̀ tó kún fún eruku ni Bàbá ń gbé yẹ̀ wò. Ó ní kí n fi ọwọ́ tì í wọlé. Èyí tó bá wọlé láìjà, ó ti kú. A tì tó bíi mẹ́rìndínlógún kó tó mú mẹ́rin. Ọwọ́ mi ro mí di ọjọ́ Ajé.

Sátidé kejì, a yọ àwọn búṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà ní ìsopọ̀ àwọn irin ẹsẹ̀. Ti ọkọ̀ mi ti rí wúruwùru bí àkàrà tó bọ́ sómi. Bàbá fi ọṣẹ pa àwọn tuntun lára, ó sì fi fáìsì, irin tó ń fún nǹkan pọ̀, tẹ̀ wọ́n wọlé. Mo ń ka ìwé fún un bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un bó ṣe yẹ kí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan le tó. Ó ní kí n bá òun bi ìwé náà bóyá ó ti gba ọ̀nà Mùṣín kọjá rí. Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà rẹ́rìn-ín, torí pé nígbà tó mú irin ìwọ̀n tí mo yá wá láti ibiṣẹ́ tó fi yẹ nọ́ọ̀tì tó fọwọ́ dè wò, ó pé géẹ́.

Sátidé kẹta ni ti bíréèkì, ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Ó yẹ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, irin kan wà tí wọ́n ń pè ní kálípà. Nínú rẹ̀, irin roboto kan wà tí ọ́ìlì bíréèkì máa ń tì jáde kí páàdì lè di díìsìkì tó ń bá táyà yí mú. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yí irin roboto yẹn ká. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, òun náà ló sì ń fa irin ọ̀hún padà tí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Rọ́bà náà ò ju òrùka lọ.

Ní gbogbo ọgbà mẹkáníìkì tí mo dé rí, abọ́ pẹtiróò kan máa ń wà nílẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá tú, inú abọ́ yẹn ni wọ́n ń jù ú sí kí wọ́n tó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ọ̀kan wà lọ́gbà Bàbá náà. Ṣùgbọ́n agolo mílíìkì kan tó ní ọmọrí ló ń kó rọ́bà bíréèkì sí, ọ́ìlì bíréèkì nìkan ló sì máa ń fi nù wọ́n. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Èmi náà ò béèrè, torí mo rò pé àṣà àgbàlagbà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sọdá sí mọ́ṣáláṣí láti lọ kírun Àyílà. Mo ní kí n ti ṣí ọ̀rá rọ́bà tuntun sílẹ̀ dè é. Bí mo ṣe fà á ya báyìí, méjèèjì bọ́ sílẹ̀, inú iyẹ̀pẹ̀ tó kún fún èérún irin. Ohun tí mo kọ́ níbi iṣẹ́ ni pé ohun tó bá ti bọ́ sílẹ̀, kẹ́míkà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Mo jù wọ́n sínú abọ́ pẹtiróò. Èmi tí mo sì ń ṣe nǹkan fínnífínní, mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n rẹ dáadáa. Nígbà tí mo rí Bàbá tó ń sọdá padà, mo kó wọn jáde, mo fi aṣọ funfun nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, mo sì kó wọn sínú agolo mílíìkì. Mi ò sọ fún un. Kì í ṣe pé mo fi pa mọ́. Mi ò rò pé ó tó ohun tí èèyàn ń sọ ni. Ọkọ̀ oníbúrẹ́dì ti dé, ó ń dúró dè é, dírẹ́bà rẹ̀ sì ń kánjú. Bàbá mú àwọn rọ́bà náà, ó fi wọ́n sí àyè wọn, ó de kálípà padà, ó lọ bá oníbúrẹ́dì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wa Gọ́ọ̀fù mi jáde sí Western Avenue, inú mi sì dùn dé ibi tí mo fi ń dá rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà ń gba orí kòtò kọjá láìwí nǹkan kan. Mo tẹ bíréèkì, ó dúró gbọin, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Mo gbé ìyàwó mi yípo Súrùlérè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ṣé òun lè sọ̀ kalẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ kẹrin, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mò ń fi iná sí i, kò fẹ́ sáré. Nígbà tí mo fi máa dé Ojúẹlẹ́gba, èéfín ti ń yọ lára táyà iwájú lọ́tùn-ún, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo inú ọkọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ sún mọ́ irin táyà, ooru rẹ̀ lé mi sẹ́yìn. Mo dúró títí ó fi tutù. Ó yẹ kí èmi náà ti tutù. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dúró ń ro ohun tí mo máa sọ, mo ń tò ó léraléra, lẹ́yìn náà mo yí orí ọkọ̀ padà sí Pápá Àjàó.

Ìparí oṣù ni. Bọ́ọ̀sì iléẹ̀kọ́ wà lọ́gbà, Àǹtí jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé báàgì lé itan. Àwọn oníbàárà mìíràn náà wà níbẹ̀. Mi ò kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá, ẹ fẹ́ pa mí! Ṣé bíréèkì tẹ́ ẹ ṣe nìyí? Iná ló kù kó gbà á!"

Bàbá dìde. Ó ní kí wọ́n gbé jáákì wá. Ó tú táyà, ó tú kálípà, mo sì ń pariwo lórí rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó yọ rọ́bà náà jáde. Kódà èmi náà rí i pé ó ti wú, ó ti rọ̀, kò rí bí òrùka mọ́. Bàbá fi ìka méjì fún un, ó gbé e sún mọ́ imú, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wò mí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Ó fi rọ́bà náà sápò.

"Ọwọ́ mi ni," ó wí. "Ẹ má bínú."

Ẹni tó gbọ́n ì bá dákẹ́ níbẹ̀. Èmi kọjú sí bẹ́ǹṣì.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ ọ létí ara yín o! Ó ti jẹ́wọ́. Irú ọwọ́ báyìí lẹ fi ọmọ ọlọ́mọ lé?"

Àǹtí dìde.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Àǹtí. Ọwọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀."

Àǹtí pe dírẹ́bà rẹ̀, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n lọ láìṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà, Bàbá fi rọ́bà tuntun sí kálípà méjèèjì, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, bíréèkì yẹn ò dà mí láàmú mọ́. Mo sun dáadáa lóru ọjọ́ náà, mo ní mo ti já ara mi gbà.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo ṣí ìwé mi láti wo bíréèkì ẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú orí náà, tí mi ò kà rí, torí pé ibi tí àwòrán bá ti bẹ̀rẹ̀ lèmi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà dúdú kìrìkìrì kọ ọ́ síbẹ̀: pẹtiróò ò gbọdọ̀ kan rọ́bà bíréèkì, torí pé á mú kó wú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà ò gbọdọ̀ kàn án. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rántí abọ́, mo rántí aṣọ funfun, mo wá mọ ohun tí Bàbá gbóòórùn rẹ̀ lára rọ́bà yẹn kó tó wò mí. Èmi tí mò ń fi kẹ́míkà jẹun lóṣooṣù!

Mo sọ fún ìyàwó mi. Kò bú mi. Ó kàn béèrè ìgbà tí mo máa lọ sọ fún wọn. Mo ní Sátidé tó ń bọ̀.

Sátidé dé, mo ní òjò ń bọ̀. Òmíràn dé, mo ní ìbátan wa kan ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú. Láàárín àkókò yẹn, mo gbọ́ pé oníbúrẹ́dì náà ti kó ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Bàbá. Mo ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fi pariwo, mi ò ní ẹyọ kan tí mo máa fi tọrọ àforíjì. Ojú ń tì mí, ìtìjú náà sì tún ń bí mi nínú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá lórí mi báyìí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, mo rí bọ́ọ̀sì iléẹ̀kọ́ yẹn lẹ́bàá títì ní Ìdí-Àràbà, níwájú ìsọ̀ mẹkáníìkì kan tí mi ò mọ̀. Dírẹ́bà ti já àwọn ọmọ sílẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀ sókè, ó ń da nǹkan dúdú sínú ìgò kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì máa ń wà nínú rẹ̀. Mo dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń dà síbẹ̀?"

"Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Ti bíréèkì wọ́n jù, bọ́ọ̀sì yìí sì ń mu ún bí omi."

"Ẹ má dà á síbẹ̀! Á ba gbogbo rọ́bà ẹ̀ jẹ́."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n ráyè. Ọ̀sán ni mo máa lọ kó àwọn ọmọ."

Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo yà sí Ìtìrẹ́. Àǹtí wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń fi gègé pupa ṣàmì sí ìwé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí iyẹ̀pẹ̀ dé orí abọ́ pẹtiróò, mo sọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní Ìdí-Àràbà náà. Mo ní kó má bínú pé ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lọ́jọ́sí.

"Ta ló gba tìẹ gbọ́?" ó béèrè. "Mo ti rí ẹni tó ń pariwo lọ́gbà mẹkáníìkì rí. Bàbá ni mo gbà gbọ́. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn ò parọ́ fún mi rí. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ni, mo sì gbà. Tó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa fún mi, kí wọ́n wá sọ ọ́ fúnra wọn."

Mo sáré lọ sí Pápá Àjàó. Ọgbà náà ò kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, mo sì sọ ọ́ sókè tó bí mo ṣe pariwo lọ́jọ́sí, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè gbọ́ pé èmi ni mo fi pẹtiróò fọ rọ́bà.

"Dìde, ò ń ba ṣòkòtò iṣẹ́ ẹ jẹ́," Bàbá wí.

"Bàbá, ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbí ẹ ò mọ̀?"

"Imú mi ò tíì kú."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ kí ni? Ìwọ lo fọ̀ ọ́, èmi ni mo dè é. Ká ní mo gbé e símú kí n tó dè é ni, bí mo ṣe gbé e símú nígbà tí mo tú u, ǹ bá ti mọ̀. Oníbúrẹ́dì ni mò ń kánjú bá. Ọwọ́ mi ni. Mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Mo ní kó jẹ́ ká lọ bá Àǹtí. Ó fi àáké kọ́rí. Ó ní òun ò parọ́, nítorí náà òun ò ní irọ́ kankan tí òun máa lọ jẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fún un. Ó dìde lórí àpótí tó jókòó sí.

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń da ìyẹn sí i?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó ti gbé àpò sípánà rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó jókòó sínú Gọ́ọ̀fù mi, a sì forí lé Ìtìrẹ́. Bọ́ọ̀sì ti wà nínú ọgbà iléẹ̀kọ́. Kò tíì kí Àǹtí tó fi tẹ bíréèkì rẹ̀ wò. Bíréèkì náà wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú.

"Ọkọ̀ yìí ò gbọdọ̀ gbé ọmọ kankan lónìí."

Àǹtí dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ ní ọwọ́ yín ni. Òun náà ní ọwọ́ òun ni. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

"Àwa méjèèjì ni. Òun fi pẹtiróò fọ̀ ọ́, èmi ò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó dè é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú sí àwa méjèèjì, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú bíréèkì yìí."

Àǹtí ò sọ bóyá òun bínú tàbí òun ò bínú. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, ó sì kó o lé Bàbá lọ́wọ́. Ó wá kọjú sí mi. Ó ní ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn lọ sílé, ọ̀sán sì ti pọ́n, kí ni mo rò sí i.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi ọkọ̀ eré sísá kó ọmọ wẹ́wẹ́ nìyẹn. Márùn-ún márùn-ún ni mo ń kó wọn, mẹ́rin lẹ́yìn, ọ̀kan àti olùkọ́ wọn níwájú, wọ́n ń jà sí fèrèsé, wọ́n ń béèrè ìdí tí ọkọ̀ mi fi kúrú. Ìtìrẹ́, Láwánsọ̀n, Ìdí-Àràbà, mo padà, mo tún kó òmíràn. Nínú ìrìn kẹta, ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke já sí títì láìwo ibì kan. Mo tẹ bíréèkì. Gọ́ọ̀fù náà dúró gbọin lójú kan náà, ọkùnrin náà kọjá, ó tiẹ̀ tún bú mi.

Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ na ọrùn láti ẹ̀yìn mi.

"Ọkọ̀ yín mà tètè dúró o. Bọ́ọ̀sì tiwa, tí dírẹ́bà bá ti fẹ́ dúró, á ní ká di àga mú."

"Láti ìgbà wo?" mo bi í.

"Ó ti pẹ́," ó wí. "Gbogbo wa la ti mọ̀ ọ́n dì mú."

Mo wà á sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo sì pa ẹ́ńjìnnì. Olùkọ́ béèrè bóyá nǹkan ṣe ọkọ̀. Mo ní rárá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ti mọ ohun tí mo mọ̀, tí mò ń sọ pé òjò ń bọ̀. Mo fi ọwọ́ nu ojú mi, mo dúró títí mo fi lè ríran dáadáa, lẹ́yìn náà mo gbé àwọn ọmọ náà délé.